Ọmọdé Láàrin Wa

Àsọyé tí a ṣe fún àwọn òbí ìjọ ní ọ̀sẹ̀ Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

 

Àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti ròyìn àwọn àgbà tí ó fi ìpìlẹ̀ ilé yìí sọlẹ̀. Ó tọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni a pàṣẹ fún pé kí n sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó kéré jùlọ nínú ìjọ, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì kan ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó lórí àga. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ayọ̀ tí òbí ń ní nígbà tí ó bá ń wo ọmọ rẹ̀ bí ó ti ń ṣeré tí ó sì ń dàgbà kì í ṣe ayọ̀ asán. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ó sì ní àkókò tirẹ̀. Bí àkókò náà bá kọjá, kì í padà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Olúwa wa fúnra Rẹ̀. Nínú Ìhìnrere ti Mátíù, orí 11, Ó mẹ́nu ba àwọn ọmọdé tí ń ṣe eré ìgbéyàwó àti eré ìsìnkú ní ọjà, tí wọ́n sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ wọn jà nítorí pé wọn kò fẹ́ bá wọn ṣe èkíní tàbí èkejì. Ta ni ó lè mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ó ti dúró wò ó? Olùgbàlà aráyé wo eré ọmọdé, Ó sì rántí rẹ̀ nígbà tí Ó ń wàásù.

Eré náà kò yí padà títí di òní. Ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé yín. Ọmọbìnrin kékeré mú ṣùkù àgbàdo, ó fi àkísà pọ̀n ọ́n, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó po iyẹ̀pẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ di ọkà. Ó já ewé, ewé di ẹ̀fọ́. Ewé mìíràn sì di owó tí a fi rà á. Ọmọkùnrin so okùn mọ́ agolo òfìfo, ó fi ìdérí ìgò mẹ́rin ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ Èkó sì ti gbéra. Ní ilé tèmi, ọmọ wa obìnrin tí ó pé ọdún mẹ́rin dá ìjọ sílẹ̀ ní ìdí igi máńgòrò. Gèlè ìyá rẹ̀ ni aṣọ àlùfáà. Odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni àga ìwàásù. Ó kéde ìgbéyàwó láàrin òbúkọ wa àti ewúrẹ́ aládùúgbò, ó sì béèrè bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò sí ẹni tí ó dáhùn, ó gba ọrẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó bi mí pé, “Bàbá mi, ṣé Ọlọ́run máa ń sùn?” Mo ní kì í sùn. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Bí gbogbo wa bá ti wá sùn tán, ta ni ó ń bá A sọ̀rọ̀?” Láti ọjọ́ náà ni àdúrà òru ti ní ìtumọ̀ mìíràn lọ́dọ̀ mi. Àwọn baba wa kò ṣìnà nígbà tí wọ́n wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa a máa bínú sí irú nǹkan báyìí. Bí ọmọ bá wí pé òun rí erin lẹ́yìn ilé, wọn a pè é ní òpùrọ́, wọn a sì nà án. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń tan ẹlòmíràn jẹ, tàbí èyí tí a fi ń bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ tí ó jẹ ẹran inú ìkòkò tí ó sì ní ológbò ni, ó purọ́, ìbáwí sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó rí erin kò fẹ́ gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ó ń pè wá kí a wá bá òun wò ó ni. Àwọn àgbà wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Àwọn kan náà tí ń kọ́ ọmọ ní òtítọ́ ní ọ̀sán ni wọ́n ń jókòó lábẹ́ òṣùpá láti pa àlọ́ ìjàpá tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ẹ bi ọmọ náà bí etí erin rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Bí ó bá yá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín pé eré ni. Ọmọ tí a sì ti nà títí tí kò fi lè fi ojú inú wo erin mọ́, báwo ni yóò ti ṣe fi ojú inú wo ọkọ̀ Nóà, tàbí òkun tí ó pín sí méjì?

Ọ̀rọ̀ ìdàgbà ni ó kù. Ìdàgbà ọmọ kò ní ariwo. Ẹni tí kò lè ṣílẹ̀kùn ní àná ti ṣí i lónìí. Eyín tí ó ń mì ní ọjọ́ Àìkú ti di jíjù sórí òrùlé kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ọwọ́ tí kò lè gba orí kọjá kan etí kejì, èyí tí a fi ń mọ ẹni tí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìgbà àwọn baba wa, ti kàn án láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 2, sọ fún wa pé Hánà a máa dá ẹ̀wù kékeré fún Sámúẹ́lì lọ́dọọdún. Ẹ̀yin ìyá tí ń ránṣọ mọ ohun tí èyí jẹ́: ó ní láti máa ro bí apá ọmọ náà yóò ti gùn tó láti èṣí.

Ṣùgbọ́n ìyá kan wà ní ilẹ̀ wa tí kò tilẹ̀ rí ẹ̀wù dá. Nígbà tí ogun kó ìlú Òṣoògùn ní ọdún 1821, a mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí, ọmọ bí ọdún 12 tàbí 13, a sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Òun ni a wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni ìyá àti ọmọ tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25! Ọmọ ni ó lọ. Àlùfáà, ọkọ àti baba ni ó padà dé. Ní ọdún 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hánà, ìyá Sámúẹ́lì. Ayọ̀ ìpàdé náà kò ṣeé fẹnu sọ. Síbẹ̀, ìyá náà kò gbọ́ ọjọ́ tí ohùn ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ dẹ̀ bí ti ọkùnrin, kò sì sí ẹni tí ó lè dá ọdún 25 náà padà fún un.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ogun kò yà kúrò lọ́dọ̀ ọmọ wa. Inú ilé kan náà ni a ń sùn. Ṣùgbọ́n àwa a jáde ní àkùkọ ìdájí, a ó wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Bí a bá sì wà nílé, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ni ojú wa ń wò. Oúnjẹ òòjọ́ ni a ń wá, èmi kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo kàn bẹ̀ yín pé kí a má ṣe fi ọwọ́ ara wa fún ara wa ní ohun tí ogun fi ipá fún ìyá Àjàyí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yọ ìwọ̀nba àkókò sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, bí ó tilẹ̀ kéré, tí ọmọ yóò mọ̀ pé tòun ni. Bí ó bá pè wá wá wo nǹkan, ẹ jẹ́ kí a dìde lọ wò ó. Àwọn baba wa a máa kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí inú Bíbélì ilé. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀, kí ó má bàa ṣègbé. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń retí ọmọ lọ́wọ́ Olúwa, ọmọ ìjọ yìí ọmọ yín ni. Ẹ bá wa wò wọ́n, ẹ bá wa gbọ́ tiwọn.

Nígbà tí ìjọ yìí bá pé igba ọdún, kò sí ọ̀kan nínú àwa àgbà tí yóò wà níbẹ̀. Àwọn tí ń sáré kiri nínú àgbàlá yìí lónìí ni yóò ti sọ ìtàn wa fún ọmọ wọn. Kí Ọlọ́run fún wa ní ojú láti rí wọn, àti sùúrù láti gbọ́ tiwọn, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọdé láàrin wa. Àmín.