Kí Irin Tó Wọná: Ọ̀rọ̀ lórí Ìbọn Ọdẹ àti Ìwé Àṣẹ

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹ mú ìwé yín dání, torí pé ọ̀rọ̀ òní ní ohun kíkà nínú.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Kì í ṣe ìbọn sójà. Ìbọn ọdẹ ni, ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ wa ń rọ, tí a ń ti ẹ̀tù bọ̀ láti ẹnu.

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní oko àgbàdo. Ọ̀yà ń jẹ ẹ́ lóru, ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń tú u ní ìdájí. Ó dẹ tàkúté títí, ó sú u. Ó wá gba ilé alágbẹ̀dẹ lọ.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògún á gbè yín o.”

“Àṣẹ, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni?”

“Ọ̀yà ti jẹ oko mi tán, Bàbá. Ẹ bá mi rọ ìbọn kan. Mo fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ gùn díẹ̀, kí igi ìdí rẹ̀ sì bá èjìká mi mu. Mo ti mú àsansílẹ̀ wá.”

“Mo rí owó. Ìwé dà?”

“Ìwé kẹ̀, Bàbá? Ṣebí ìbọn ìbílẹ̀ ni.”

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. “Ṣebí ìbọn ìbílẹ̀ ni.” Gbólóhùn yìí ló mú mi wá síwájú yín lónìí. Ọ̀pọ̀ wa la gbà á gbọ́. A rò pé ìbọn òyìnbó nìkan ni òfin mọ̀, pé èyí tí a rọ ní ilé arọ wa jẹ́ tiwa, bí ọkọ́ àti àdá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n èrò yẹn kò ṣàdédé wá. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti wá.

Àwa ará Kétu mọ ohun tí ìbọn lè ṣe. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, ní ayé ọba Glele, wọ ìlú wa, wọ́n sun ún, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Ẹnubodè Akaba Idena tí a ń fi han àlejò títí di òní ti rí ogun wọ̀nyẹn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù Keje 1890, àwọn ìjọba òyìnbó parí àpérò kan ní ìlú Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n ní àwọn ń dẹ́kun òwò ẹrú. Nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kó ìbọn tuntun oníkatiriji wọ apá tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ṣùgbọ́n ìbọn olókùúta àtijọ́, tí inú ẹnu rẹ̀ dán gbọọrọ, àti ẹ̀tù lásán tí àwọn oníṣòwò ń tà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ìkìlọ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe ìfẹ́ wa ló mú wọn ṣe é. Ìbọn tó yára ni wọn kò fẹ́ rí lọ́wọ́ wa.

Láti ìgbà náà ni ìwé òfin àwọn Faransé ti pín ìbọn sí apẹ̀rẹ̀ méjì. Ìbọn òde òní wà nínú ọ̀kan, ìbọn òwò àtijọ́ wà nínú èkejì. Ojú tí wọ́n fi ń wo ti apẹ̀rẹ̀ kejì kò le tó ti èkíní. Ibẹ̀ ni àwọn baba wa ti gbọ́ pé ṣakabùlà kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ohun tí wọ́n gbọ́ kì í ṣe irọ́ pátápátá nígbà náà. Ayé ti yí kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, kò pẹ́ tí ìjọba Dàhòmì, tó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀ lórí ìbọn. Ọdún 1961 ni. Ẹni tó bá fẹ́ ní ìbọn, kó gba àṣẹ. Lẹ́yìn náà ni ogun bẹ́ ní Làìbéríà àti Siẹra Líónì, tí ìbọn ń rìn láti ilẹ̀ kan dé òmíràn bí ẹrù ọjà. Ìyẹn ló mú kí àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ CEDEAO pàdé ní Àbújá ní oṣù Kẹwàá 1998, tí wọ́n dá kíkó ìbọn wọlé, títà rẹ̀ síta àti ṣíṣe rẹ̀ dúró. Ní oṣù Kẹfà 2006, wọ́n sọ ọ́ di àdéhùn tó lágbára, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Àdéhùn yìí kan alágbẹ̀dẹ ní tààrà. Ó ní kí ìjọba kọ̀ọ̀kan mọ gbogbo àwọn tó ń rọ ìbọn ní ilẹ̀ rẹ̀, kí ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé, kí ó sì máa bójú tó iṣẹ́ wọn. Ó ní kí ìbọn kọ̀ọ̀kan ní àmì lára: nọ́ńbà tí ìbọn mìíràn kò ní, ẹni tó rọ ọ́, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rọ ọ́, àti ọdún. Kí àmì náà hàn kedere, kí ó sì wà ní ó kéré tán ní ibi méjì lára ìbọn. Ìbọn tí kò ní àmì dà bí ọmọ tí a kò mọ baba rẹ̀. Bí wọ́n bá bá a níbi tí olè ti jà, ta ni yóò jẹ́rìí pé kì í ṣe ìwọ ni?

Ó kan ẹni tó fẹ́ ra ìbọn náà. Àwọn ìbọn ogun ńlá kò sí fún aráàlú rárá. Ní ti ìbọn kékeré, àdéhùn ní kí ìjọba má fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ àfi bó bá ti tó ọjọ́ orí tí òfin sọ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ọ̀ràn. Kí ó ní ìdí gidi tó fi fẹ́ ìbọn. Ọ̀yà tó ń jẹ oko lè jẹ́ ìdí. Pé ìbọn yẹ ọkùnrin kì í ṣe ìdí. Kí ó fi hàn pé òun ti kọ́ bí a ṣe ń lò ó láìséwu, àti ohun tí òfin sọ. Kí ó sì fi hàn pé òun ní ibi tó dára láti tọ́jú rẹ̀, tí ọta àti ẹ̀tù yóò wà lọ́tọ̀, tí ìbọn yóò wà lọ́tọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣeré. Àbúrò bàbá mi kan gbé ìbọn tí wọn kò rọ dáadáa. Ó bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìka méjì ló bá a lọ. Ó máa ń sọ pé ọpẹ́ ni, torí pé ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohunkóhun kò ba ọmọ náà.

Àdéhùn náà tún ní kí ọjọ́ 21, ó kéré tán, kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ẹni tó bèèrè. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀? Ẹni tí inú ń bí sí aládùúgbò rẹ̀ nítorí ààlà ilẹ̀, kí ọjọ́ 21 tó pé, inú rẹ̀ á ti rọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ “ìwé ìbọn”, ẹ má rò pé ìwé kan ṣoṣo ni. Ìwé alágbẹ̀dẹ wà, tó fún un láṣẹ láti rọ ọ́. Ìwé oníbọn wà, tó fún un láṣẹ láti ní i nílé àti láti gbé e. Ìwé ọdẹ náà wà lọ́tọ̀, nítorí pé òfin ẹranko igbó tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹwàá 2004 ní kí ẹni tó ń dọdẹ gba ìwé ọdẹ. Ẹni tó ní ìwé ìbọn tó wọ igbó ọba ní Dogo lọ pa ẹran láìní ìwé ọdẹ, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lè mú un. Kò ní rí ìwé ìbọn rẹ̀ fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààlà ni èyí tó ń dà wá láàmú jù. A ní ẹbí ní Ìmẹ̀kọ, a ní àna ní Ìlárá. Òkú kú níbẹ̀, ọdẹ ni olóògbé, àwọn ọdẹ Kétu fẹ́ lọ yìnbọn ìṣípà. Wọ́n gbé ìbọn kọ́ èjìká, wọ́n gba ọ̀nà ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìwé Bẹ̀nẹ̀ kò kọjá ààlà. Gbígbé ìbọn láti ilẹ̀ kan sí òmíràn gan-an ni àdéhùn CEDEAO kọ́kọ́ dè. Nàìjíríà sì ní òfin tirẹ̀ láti 1959. Òfin yẹn dárúkọ ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, ó ní kí a gba àṣẹ kí a tó ní i. Ẹni tó bá sì ń ṣe ìbọn níbẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè dín ní ọdún 10. Ẹ lọ síbi òkú náà. Ẹ fi ìbọn sílé. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ tó ní ìwé tiwọn á yìn ín fún yín.

Ẹnìkan lè sọ pé ìjọba wa ló ń ni wá lára, pé ní Amẹ́ríkà kálukú ló ń ṣe ìbọn tirẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ wọn gba ẹni tí kò jẹ̀bi rí láyè láti ṣe ìbọn fún ara rẹ̀ láìní ìwé oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ California, láti oṣù Keje 2018, ẹni tó fẹ́ ṣe ìbọn nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ìjọba, kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí alágbẹ̀dẹ wa bèèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń họ orí.

“Bàbá, níbo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?”

“Lọ bá olóyè abúlé wa kọ́kọ́, kó mọ̀ sí i. Kí ẹ jọ lọ sí kọmisárià ní Kétu. Wọ́n á sọ ibi tí ìwé ń gbà fún ọ, bóyá Pobè lọ́dọ̀ pẹrẹfẹ̀ẹ́ ni o, bóyá Kùtọnu ni o.”

“Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ṣandámù ni?”

“Ṣandámù dà? Láti 2018 ni wọ́n ti pa wọ́n pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá Olómìnira ni gbogbo wọn báyìí. Bí o bá san owó, gba ìwé ẹ̀rí. Owó tí kò ní ìwé ẹ̀rí, àpò ẹnìkan ló wọ̀.”

“Bàbá, ìbọn bàbá mi wà lókè àjà. Ṣé kí n gbé e dání lọ?”

“Má gbé e! Wọ́n bá ọ lọ́nà pẹ̀lú rẹ̀, kí lo fẹ́ wí? Ọwọ́ òfìfo ni kí o fi lọ, kí o sọ pé ó wà nílé. Àwọn ni kí ó sọ bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Orúkọ bàbá rẹ ló wà lórí ìwé rẹ̀, bó bá tilẹ̀ ní ìwé. Orúkọ tìẹ kò sí níbẹ̀.”

Bàbá yìí sọ̀rọ̀ gidi. Pàápàá láti 2021 tí àwọn apániláyà ti ń wọ apá àríwá ilẹ̀ wa, ní Atacora àti Alibori, kò sí ọlọ́pàá tó ń rí ìbọn lójú ọ̀nà tó ń rẹ́rìn-ín.

Ibi tí ìwé kíkà ti wúlò rèé. Ìwé àṣẹ dé ọwọ́ yín, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ má ká a sínú àpò kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin lórí rẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ Nom sí, orúkọ ìdílé yín ni. Níbi Prénoms, orúkọ tí wọ́n sọ yín. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ bó ṣe wà lórí ìwé ìdánimọ̀ yín. Níbi Numéro, nọ́ńbà ni. Bó bá jẹ́ ti ìbọn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, kí ẹ ka àmì ara irin lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí 3 ibí bá di 8 lọ́hùn-ún, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹrin ni Expiration. Ọjọ́ tí ìwé yóò kú nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri yàrá yín.

Alágbẹ̀dẹ náà dá owó padà fún ọ̀dọ́mọkùnrin. Kò gba àsansílẹ̀, kò sì fẹ́ná. Ó ní, “Ọjọ́ tí o bá mú ìwé dé, èmi náà á mú tèmi jáde, a ó jọ kà wọ́n. Kó tó di ọjọ́ náà, lọ pa igbó yí oko rẹ ká, kí ọ̀yà má rí ibi sá pamọ́ sí.”

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá wa kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn sójú pátákó lọ́la: Nom, Prénoms, Numéro, Expiration. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé ìdánimọ̀ tirẹ̀ wá, kí ó fi ìka tọ́ka sí èyí tó bá rí nínú wọn. Ó dàárọ̀ o.