Àlejò àti Ilé Ìtura Olówó Pọ́ọ́kú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lálẹ́ òní ni ọ̀rọ̀ ibi tí àlejò yóò sùn. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kì í rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀ ti ṣú bá nílùú onílùú rí, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan, mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ni. Ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Iṣẹ́ ọnà Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti ti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́, wà nínú igbó náà. Bí oṣù kẹjọ bá dé, tí ọdún Ọ̀ṣun sì kò, èrò a máa ya wọ ìlú. Àwọn ọmọ Òṣogbo tí ń bẹ ní ìdálẹ̀ a wálé. Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun a ti Bràsíìlì àti Kúbà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ àti oníròyìn kò sì ní gbẹ́yìn. Gbogbo wọn kọ́ ni ó lè san owó ilé ìtura ńláńlá. Púpọ̀ nínú wọn, ilé ìtura olówó pọ́ọ́kú ni ojú wọn ń wá.

Ẹ wo orúkọ tí àwa Yorùbá fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìtura ni a pè é, ibi tí ara gbé ń tu ènìyàn. Orúkọ náà kò sọ pé kí ilẹ̀ ilé náà máa dán bí dígí, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀. Kí ara tu àlejò ni ó sọ. Kí ilé ìtura tó dé ilẹ̀ wa, bí àlejò bá wọlé tọ àwọn baba wa, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń bù fún un kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tí ó bá wá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a tẹ́ ẹní fún un, wọn a sì ti ilẹ̀kùn. Omi, ẹní, ilẹ̀kùn: lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fún àlejò ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ǹjẹ́ ó wá tọ́ kí ẹni tí ó gbowó lọ́wọ́ àlejò má lè pèsè wọn?

Òótọ́ ni pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tí ó san owó ẹ̀fọ́ kò lè retí ẹran ìgalà. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ láti retí pé kò ní sí iyanrìn nínú ẹ̀fọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, kò burú, bí omi tó mọ́ bá ti wà nínú korobá tó ní ìdérí. Ní ti ẹní, èyí tí í ṣe bẹ́ẹ̀dì lóde òní, kí àlejò ká aṣọ orí rẹ̀ kí ó tó sanwó, kí ó sì wo ojú rírán tìmùtìmù. Ibẹ̀ ni ìdun ń sá sí. Àmì dúdú wínníwínní tí ó bá rí níbẹ̀ ni ẹ̀rí. Ní ti ilẹ̀kùn, kí àgádágodo tàbí ìdè wà nínú yàrá, kí àwọ̀n ojú fèrèsé má sì ya, nítorí ẹ̀fọn kì í sanwó kó tó wọlé.

Ohun kan wà tí ó burú ju ìdun àti ẹ̀fọn lọ. Bí iná mànàmáná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìtura ń tàn. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tí ó ń sùn kò lè mọ̀ pé òun ń fà á símú. Ojú oorun ni ó sì ti ń pani. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn fèrèsé yàrá tí wọ́n fẹ́ fún yín ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí, ẹ béèrè fún yàrá mìíràn. Bí kò bá sí, ẹ wá ilé mìíràn lọ. Kò sí owó pọ́ọ́kú tí ó tó fi ẹ̀mí ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹnìkan kọ́ ni à ń dá. Onílé ìtura náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Òun ni ó ń ra epo, òun ni ó ń sanwó òṣìṣẹ́, yàrá sì lè ṣófo fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá wá dé, ó rò pé àkókò tó láti rí èrè ni. Èyí kò lòdì. Ohun tí ó lòdì ni kí ó pe iye kan lówùúrọ̀, kí ó sì pe òmíràn lálẹ́ nítorí ó rí i pé ẹsẹ̀ àlejò ti wọlé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àlejò tí a bá rẹ́ jẹ kò ní sọ pé ilé kan ni ó rẹ́ òun jẹ. Ìlú ni yóò dárúkọ.

Nítorí náà, kí onílé ìtura kọ iye owó yàrá sára ògiri, kí ó sì fi iye wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ yóò tàn hàn. Kí àlejò náà wo yàrá kí ó tó sanwó, kí ó gba rìsíìtì, kí ó sì san ti alẹ́ kan ná kí ó tó san ti ọ̀sẹ̀ kan. Bí tọ̀tún-tòsì bá ṣe èyí, olówó kékeré yóò sùn, onílé yóò sì jèrè.