Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ọmọ Adó-Èkìtì ni mí, ọmọ ọdún 23.

Àìsàn tí mo ń bá gbé, borderline personality disorder ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe wèrè. Ọkàn mi ni kò ní ìdákọ̀ró. Bí ọ̀rẹ́ mi bá pẹ́ kí ó tó dá mi lóhùn, lójú mi ó ti kọ̀ mí sílẹ̀ pátápátá nìyẹn. Ẹni tí mo fẹ́ràn bí ẹyin ojú ní òwúrọ̀, mo lè máa ṣépè fún un kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́yìn ìbínú ni òfìfo máa ń dé. Nígbà náà ni mo máa ń ṣe ara mi léṣe.

Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń pè mí. Àwọn mìíràn gbé mi lọ sí orí òkè àdúrà, wọ́n sì nà mí. Nọ́ọ̀sì kan sọ lójú mi pé ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ni mí.

Babaláwo ìdílé wa ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó difá, a rúbọ, lẹ́yìn náà ó ní: “Ọmọ mi, orí rẹ kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Padà sọ́dọ̀ dókítà.”

Ohun tí bàbá yìí ṣe kì í ṣe tuntun. Ní àwọn ọdún 1950, Thomas Adéoyè Lámbò mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́ ní Aró, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, kì í ṣe nínú àhámọ́.

Oògùn nìkan kò wo àìsàn mi. Ìjíròrò pẹ̀lú ẹni tí ó mọṣẹ́ ni òpó ìtọ́jú rẹ̀. Marsha Linehan, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà ìtọ́jú tí a ń pè ní DBT kalẹ̀. Ní ọdún 2011 ó sọ ní gbangba pé wọ́n ti dá òun náà dúró ní ilé ìwòsàn ọpọlọ nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún 17. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn gba ara rẹ̀ bí ó ti wà, kí ó sì máa tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ṣé èyí ṣàjèjì sí àwa tí a ń sọ pé ìwà lẹ̀sìn?

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo wá bẹ̀. Ẹ má ṣe de aláìsàn mọ́lẹ̀, ẹ má sì nà án. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kínní ọdún 2023 ti fún un ní ẹ̀tọ́. Ẹ má ṣe ní kí ó pa dókítà tì nítorí ẹbọ. Bí ẹ bá sì ń jáde nílé, ẹ sọ ìgbà tí ẹ ó padà fún un, kí ẹ sì padà. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti gba ẹ̀mí mi là ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bí ìbínú bá dé báyìí, mo ń fi omi tútù bọ́jú, mo ń ka èémí mi, mo sì ń gbé ọwọ́ lé orí mi, mo ń pè é kí ó gbè mí. Mo ṣì wà láàyè. Kí orí gbogbo wa má gbàbọ̀dè.

Àṣẹ.