Ìbọn Ọdẹ Pẹ́pẹ́yẹ Nínú Ẹrẹ̀ àti Omi Iyọ̀

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo mú wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣakabùlà tí ẹ mọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa. Ìbọn àwọn ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ní Amẹ́ríkà ni.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn lọ sí Chesapeake Bay, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Nígbà tí omi bá ń di yìnyín ní Kánádà, àwọn pẹ́pẹ́yẹ á ṣí wá sí ìhà gúúsù, ọ̀pọ̀ wọn á sì bà síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọdẹ ti ń lúgọ sínú koríko etí omi. Ẹrẹ̀ ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, òjò ń pa á lórí, omi oníyọ̀ ń ta sí i lára, ìka rẹ̀ sì ti gan nínú ìbọ̀wọ́. Bí ìbọn bá há nígbà tí ẹyẹ dé, ó di kí ó máa fi ojú sìn wọ́n lọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi fẹ́ràn ìbọn pọ́ǹpù. Bí ọdẹ bá yìn ín tán, á fa igi abẹ́ àgbá sẹ́yìn, òfìfo katiríìjì á fò jáde. Á tì í síwájú, òmíràn á wọlé. Àwọn ìbọn kan wà tí agbára ẹ̀tù fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí fún, wọ́n sì yá jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ kó sí wọn nínú, tàbí kí òróró wọn kì nínú òtútù, kí ẹ wá wo bí wọn yóò ti máa kọsẹ̀. Pọ́ǹpù ní tirẹ̀, bí ó bá le díẹ̀, ọwọ́ ọdẹ á fi agbára kún un.

Remington 870 dé ọjà ní 1950. Irin gidi ni àpótí tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú; ó ń yọ̀ geere bí a bá ń fà á, ó sì lálòpẹ́. Ṣùgbọ́n irin àti iyọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mossberg 500 jáde ní nǹkan bí 1961. Alumí, irú èyí tí a fi ń ṣe ìkòkò, ni àpótí tirẹ̀, kì í sì í dógùn-ún bí irin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ni àgbá rẹ̀. Bọ́tìnì tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣèèṣì dún wà lókè, níbi tí àtàǹpàkò ti ń tó o nínú ìbọ̀wọ́, ọlọ́wọ́ òsì ìbáà ni. Ti 870 wà lẹ́yìn ibi tí ìka ti ń fa ìbọn. Ithaca 37, ọmọ ọdún 1937, kò ní ju ihò kan lọ, lábẹ́, nítorí náà òjò kì í rí ibi wọ̀ ọ́ bọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣe èmi ni, Mossberg ni n óò mú lọ sínú omi oníyọ̀.

Láti 1991, òjé ti di èèwọ̀ fún ọdẹ ẹyẹ omi jákèjádò ilẹ̀ náà. Pẹ́pẹ́yẹ a máa gbé ọta tó rì sísàlẹ̀ omi mì bí òkúta wẹ́wẹ́, májèlé rẹ̀ a sì pa á. Ọta irin ni wọ́n wá ń lò. Ó fúyẹ́ ju òjé lọ, ó sì le ju òjé lọ, nítorí náà ó lè ba àgbá tóóró àwọn ìbọn àtijọ́ jẹ́, irú Winchester Model 12 tí ó jáde ní 1912. Ẹ̀wà ìbọn náà kò ní kí ó má bàjẹ́.

Èyí tí ó wá burú jù ni kí ẹrẹ̀ tàbí yìnyín dí ẹnu àgbá, kí ọdẹ má mọ̀, kí ó yìn ín. Àgbá á ya, ojú àti ọwọ́ ọdẹ náà ni yóò sì gbà á. Kò sí èyí tó yọ sílẹ̀ nínú gbogbo ìbọn tí mo dárúkọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣubú sínú ẹrẹ̀ á kọ́kọ́ kó gbogbo katiríìjì jáde. Lára 870 àti 500, ọwọ́ lásán ni a fi ń tú àgbá kúrò. Á gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, á wo inú rẹ̀ já, á nù ún mọ́, kí ó tó dá a padà.