Ìsọ̀yè, Arán àti Àwọn Ìyá Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀)

Alága ní kí n má sọ̀rọ̀ pẹ́, nítorí náà n ó lọ tààrà.

Gbogbo wa la mọ ìsọ̀yè. Ta ni kò gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà tí WAEC ń bọ̀? Àwọn kan tiẹ̀ lá a. N ò ní dárúkọ, wọ́n wà níbí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún: ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́, pàápàá ọmọ awo tó ní ẹsẹ Ifá rẹpẹtẹ láti há sórí. Iyè tó jí pépé ni wọ́n ń fi ràn lọ́wọ́. Ti àgbàlagbà tó ń ṣarán yàtọ̀, iyè tirẹ̀ ló ń rà. Ó lè ka orúkọ gbogbo àwọn tó wá síbi ìgbéyàwó rẹ̀, kó má sì rántí pé òun ti jẹun àárọ̀. Síbẹ̀, ìsọ̀yè kan náà lọ̀pọ̀ ń lọ bá lẹ́kuléja rà fún un.

Ẹ wo estate tí a jókòó sí yìí. Bàbá Kékeré, Alhaji Lateef Jakande, tó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ló kọ́ irú ilé báyìí fún mẹ̀kúnnù, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Àmọ́ bùlọ́ọ̀kù kan jọra wọn bí ìbejì. Màmá ọ̀kan nínú wa jáde ní ìdájí láti gbálẹ̀, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ẹnu ọ̀nà onílé-onílé ni wọ́n ti bá a, aṣọ àwọ̀sùn lọ́rùn. Ariwo ta: "Ẹyẹ ló já bọ́ tó di ìyá arúgbó!" Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá oníbúrẹ́dì tó dá a mọ̀. Wọ́n ti ń wá táyà.

Ní ìhà Calabar, ẹ̀wà olóró kan wà tí wọ́n ń pè ní esere. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n ń fún. Bó bá bì í, ó bọ́; bó bá kú, ó jẹ̀bi nìyẹn. Ní 1864, Jobst àti Hesse, ará Jámánì, yọ èròjà kan jáde nínú rẹ̀, physostigmine. Kì í jẹ́ kí acetylcholine, ohun tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, tètè ṣòfò. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tọ̀ dé ìdí oògùn rivastigmine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2000 fún àrùn Alzheimer. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń pa ìyá arúgbó ló bí oògùn arúgbó! Kì í wo àrùn náà tán o, ó kàn ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ se ẹ̀wà ọ̀hún mu, ikú ni.

Ewé kì í ṣe asán nìyẹn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ló sọ ọ́ doògùn. Agbo inú ìgò lẹ́bàá títì kò ní ìwọ̀n, ọgógóró ló sì wà nínú òmíràn. Ọtí ń da arúgbó lọ́pọlọ rú sí i.

Ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì pẹ̀lú Hugh Hendrie bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 1992. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, 1.15 nínú 100 arúgbó ni Alzheimer ń mú lọ́dún níbẹ̀. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, 2.52 ni. Ẹ má rò pé agbo ni wọ́n yìn sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ló yẹ ká máa ṣọ́.

Nítorí náà, bí Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Ó lè jẹ́ pé fítámìnì B12 ló dínkù, tàbí thyroid ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìyẹn ní ìtọ́jú. Ẹ má fi agbo rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà bùlọ́ọ̀kù àti fóònù yín, kí ẹ rán an mọ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò, láì tijú, pé àìsàn ni. Àwọn olùkọ́ wa kan náà ti ń dàgbà. Mo ti bẹ akọ̀wé kó ya ìwé kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí yóò máa yà kí wọn lóṣooṣù. Ìwé náà wà lórí tábìlì níwájú, pẹ́ńsù wà lára rẹ̀.