ORÚKỌ KAN, ÌWÀ Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀

Ọ̀rọ̀ tí ètò yìí gbé yẹ̀ wò ni ọ̀rọ̀ ìbáramu, èyíinì ni bí áàpù kan ṣe lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí fóònù kan, tí yóò sì kọ̀ jálẹ̀ lórí fóònù mìíràn tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú oko, ó sì ti wọ inú kíláàsì. Láti Mòníyà ní Akínyẹlé dé Làlúpọn ní Lágelú, láti Ẹ̀rúnmu ní Ẹ̀gbẹ́dá dé Akànrán ní Ọ̀nà-Àrà, fóònù ni àgbẹ̀ fi ń béèrè iye tí wọ́n ń ta gààrí ní Bódìjà, òun náà sì ni olùkọ́ fi ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́. Ẹni tí áàpù bá kọ̀ fún, ìmọ̀ ni a fi dù ú.

Kí ni ó ń fa kíkọ̀ yìí? Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù ìgbàlódé ni ètò kan wà tí ó jẹ́ alákòóso fún gbogbo ètò yòókù. Òun ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní operating system. Bí Baálẹ̀ ṣe rí ní abúlé ni ó rí. Àlejò tí ó fẹ́ dáko kì í kàn gbé ọkọ́ wọ inú igbó. Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà sí kí wọ́n tó fi ilẹ̀ hàn án. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni áàpù. Bí ó bá fẹ́ ya àwòrán, bí ó bá fẹ́ kó nǹkan pamọ́, bí ó bá fẹ́ mọ ibi tí fóònù wà, ọwọ́ alákòóso ni yóò ti tọrọ àyè. Bí ó bá tọrọ rẹ̀ ní ọ̀nà tí alákòóso náà kò mọ̀, tàbí kí ó béèrè ohun tí alákòóso náà kò ní, áàpù yóò dákú, tàbí kí ó má tilẹ̀ ṣeé gbé sórí fóònù rárá.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti òní. Ní 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò alákòóso kan tí a ń pè ní UNIX, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí UNIX fi ya ẹ̀ka púpọ̀. Ti ilé-iṣẹ́ AT&T, tí ó ni Bell, wà lọ́tọ̀; ti Yunifásítì California ní Berkeley wà lọ́tọ̀; àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà náà sì ń fi tiwọn kún un. Ètò tí a kọ fún ẹ̀ka kan kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka kejì láìjẹ́ pé a tún un ṣe. Ní 1988 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí IEEE gbé ìlànà POSIX jáde. Ìlànà náà kò ní kí ẹnikẹ́ni pa ẹ̀ka tirẹ̀ rẹ́. Ohun tí ó wí ni pé àwọn ìbéèrè kan gbọ́dọ̀ wà tí gbogbo ẹ̀ka yóò máa dáhùn bákan náà.

Irú àdéhùn báyìí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ èdè Yorùbá. Ìjẹ̀ṣà ń sọ tirẹ̀, Ìjẹ̀bú ń sọ tirẹ̀, ohùn ará Ìbàdàn sì yàtọ̀ sí ti ará Èkìtì. Síbẹ̀, ní 1875 ni àwọn míṣọ́nnárì ṣe àpérò ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ní 1974 sì ni ìjọba fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tí àwọn ilé-ìwé ń lò. Kò sí ẹni tí ó gba ẹ̀ka-èdè kúrò lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Akànrán àti ọmọ Iléṣà lè ka ìwé kan náà, kí wọ́n sì jókòó ṣe ìdánwò kan náà. Àdéhùn ni ó mú un ṣeé ṣe, kì í ṣe pé gbogbo wọn ń jẹ́ Yorùbá.

Ní ti fóònù, Android ni ètò alákòóso tí ó gbilẹ̀ jù lọ láàrin àwọn ènìyàn wa. Orí Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991, ni a gbé e kà, ọdún 2008 sì ni fóònù Android àkọ́kọ́ dé ọjà. Google fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó, nítorí náà ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá aṣọ tirẹ̀ fún un: Tecno ní HiOS, Infinix ní XOS. Èyí tí wọ́n ń pè ní Android Go tún wà, tí Google kéde ní 2017 fún àwọn fóònù tí agbára wọn kéré. Ọjọ́ orí wọn kò sì dọ́gba; èyí tí ó ti pẹ́ ní ọdún mẹ́wàá àti èyí tí ó dé lánàá lè wà lórí àga kan náà nínú kíláàsì. Google ní ìdánwò ìbáramu tí fóònù gbọ́dọ̀ yege kí ó tó lè ní ilé-ìtajà áàpù Google Play nínú. Ìdánwò yẹn ni ó mú kí áàpù kan náà lè wọ HiOS, kí ó sì wọ XOS. Ṣùgbọ́n ìdánwò náà kò lè sọ ògbólógbòó di ọ̀tun.

Àpẹẹrẹ méjì yóò fi ìdí èyí múlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de ìṣòwò àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wọn pẹ̀lú Huawei. Àwọn fóònù tuntun tí Huawei ṣe lẹ́yìn náà kò ní àwọn iṣẹ́ Google nínú mọ́. Áàpù tí ó gbẹ́kẹ̀ lé máàpù Google kò rí ibi fẹ̀yìn tì lórí wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpìlẹ̀ Android kan náà ni wọ́n dúró lé. Èkejì ni ti WhatsApp. Láti ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni kò ti ṣiṣẹ́ mọ́ lórí Android tí ó kéré sí 5.0. Fóònù náà kò fọ́, iná rẹ̀ ń tàn, ó ń pè, ó ń gbà. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó tì mọ́ olówó rẹ̀ lójú.

Akínyẹlé ni a ti lè rí ohun tí ọ̀rọ̀ yìí já mọ́ fún àgbẹ̀. Níbẹ̀ ni olú-ilé iṣẹ́ IITA wà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní 1967. IITA wà lára àwọn tí ó ṣe AKILIMO, tí ó ń gba àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ nímọ̀ràn lórí ajílẹ̀ àti lórí àkókò tí ó yẹ láti gbìn àti láti kórè. Ó tún bá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania lọ́wọ́ sí Nuru, tí ó ń fi kámẹ́rà fóònù wo ewé ẹ̀gẹ́ kí ó lè sọ àrùn tí ń ṣe é. Nuru lè ṣe èyí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé inú fóònù gan-an ni ìṣirò rẹ̀ ti ń wáyé. Ohun rere ni fún oko tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dé. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá wà nínú fóònù, orí fóònù ni ẹrù wà. Fóònù kékeré alábọ́tìnì kò lè gbé e. Ọgbọ́n tí ó wà nínú AKILIMO ni pé àwọn tí ó ṣe é kò fi gbogbo rẹ̀ sínú áàpù nìkan. Wọ́n ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà tí a lè tẹ̀ jáde, wọ́n sì ṣe èyí tí a lè fi ìpè fóònù lásán gbọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kí olùkọ́ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nìkan ni èyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB jẹ́wọ́ pé èsì akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ìlà-oòrùn gúúsù, ní àbùkù. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n gbé àtúnṣe kan sórí apá kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń bá ìdánwò náà ṣiṣẹ́, wọn kò sì gbé e sórí apá kejì. Orúkọ ètò náà kò yàtọ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Àwọn ọmọ náà ni wọ́n ní kí ó padà wá tún ìdánwò ṣe.

Àwọn kan yóò wí pé kí olúkúlùkù lọ ra fóònù tuntun. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣófo pátápátá, nítorí pé ètò alákòóso tí a kò tún ṣe mọ́ a máa ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè, ẹni tí ń kọ áàpù kò sì lè máa tọ́jú gbogbo ẹ̀dà láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ gbàgbé pé owó fóònù tuntun lè jẹ́ owó ajílẹ̀ odidi àkókò ìgbìn kan fún ìdílé kan ní Lágelú. Ẹni tí ń ṣe ohun fún gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ohun tí gbogbo ènìyàn ní lọ́wọ́.

Ìwádìí náà kò le. Nínú ibi ìṣètò fóònù, lábẹ́ About phone, ni nọ́ńbà Android wà, ibẹ̀ náà ni a sì ti sábà máa ń rí bí ìrántí rẹ̀ ti tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ń lọ kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni ní àwọn ìlú kékeré wọ̀nyí lè kọ ti gbogbo kíláàsì sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Kí olùkọ́ tó kọ orúkọ áàpù kan sójú pátákó, kí ó yá fóònù tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ nínú kíláàsì, kí ó sì dán an wò lórí rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, kí ó tẹ ẹ̀kọ́ náà sórí ìwé fún ẹni tí kò ní fóònù tí ó lè gbà á, kí ó má sì fi máàkì jẹ ẹ́ níyà. Kí àwọn tí ń kọ áàpù pàápàá máa sọ ní gbangba ẹ̀dà tí ó kéré jù lọ tí iṣẹ́ wọn lè gbà, kí àgbẹ̀ má baà fi owó dátà rẹ̀ ṣòfò kí ó tó mọ̀.