Kí Ẹ Tó Gba Ọ́fíìsì ní Mainland

Láti Ìpọ̀nrí níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ń kọ kóòdù nínú yàrá, tí ẹ wá ń sọ pé ó ti tó àsìkò láti gba ọ́fíìsì, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ òní kàn.

Tẹ́lẹ̀, tí èèyàn bá ní òun fẹ́ gba ọ́fíìsì gidi, Marina, Ìkòyí tàbí Victoria Island lọkàn máa ń lọ. Lọ́dún 2011 ni CcHub ṣílẹ̀kùn ní òpópónà Herbert Macaulay, ní Yábà. UNILAG àti Yabatech ò jìnnà síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì rọ́ dé. Ní oṣù Kẹjọ 2016, Mark Zuckerberg fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ilé ibùgbé ní Yábà àti Súrùlérè ṣe di ọ́fíìsì.

Lónìí, nǹkan méjì tún ń fa èèyàn wá sọ́dọ̀ wa. Èkíní, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ńlá ní VI àti Ìkòyí, dọ́là ni wọ́n fi ń dá owó lé e. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, ẹni tó ń pa náírà ò lè bá wọn dù ú. Èkejì ni ọkọ̀ ojú irin. Blue Line ń dúró ní National Theatre, nítòsí Ìpọ̀nrí níbí; Red Line ń dúró ní Yábà àti Mushin.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi owó ilé nìkan ṣe ìṣirò. Ká ní láńlọ́ọ̀dù pe yàrá kan ní ₦1,000,000. Éjẹ́ǹtì gba ìdá mẹ́wàá, owó àgírímẹ́ǹtì náà gba ìdá mẹ́wàá: ó di ₦1,200,000. Ká tún ní jẹnẹrétọ̀ yín ń mu lítà epo 5 lójúmọ́, fún ọjọ́ 22 lóṣù. Lítà 1,320 nìyẹn lọ́dún. Tí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ó di ₦1,188,000. Ṣé ẹ rí i? Epo nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí ẹ fi wọlé.

Nítorí náà, ẹ béèrè Band tí àdúgbò náà wà. Wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún Band A nígbà tí wọ́n gbé owó yúnìtì rẹ̀ dé ₦225 ní oṣù Kẹrin 2024. Ẹ má gba ti éjẹ́ǹtì gbọ́ o. Ẹ bi ìyá tó ń ta ọjà lẹ́nu géètì.

Ẹ tún mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kan ọ́fíìsì náà. Ó yọ Ìkòyí, VI, Apápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kò yọ Ìpọ̀nrí. Láńlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Tí ẹ bá ń san service charge, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí rìsíìtì tirẹ̀, kí wọ́n sì máa fún yín ní àkọsílẹ̀ ìnáwó rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ní tèmi, tí ẹ kò bá tíì ju èèyàn mẹ́ta lọ, ẹ ṣì lè lo ọ́fíìsì àjùmọ̀lò. Oṣooṣù lẹ ó máa san án, iná àti íńtánẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ti gbòòrò, ẹ gba tiyín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń wá ọ́fíìsì. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.